Àbọ̀ lórí ilé alámọ̀ wa àti iṣẹ́ àdìrẹ mi

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ará. Mo ti béèrè níbí pé báwo ni mo ṣe lè máa ṣe àdìrẹ lọ bí a ti ń tún ilé alámọ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ṣe. Ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gún régé tán, iṣẹ́ àdìrẹ náà kò sì dúró.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni ti ẹ̀yin tí ẹ ní kí n kọ́kọ́ parí yàrá kan ṣoṣo, kí n kó aṣọ síbẹ̀, kí n sì ti ilẹ̀kùn pa. Eruku ni ọ̀tá àdìrẹ ẹlẹ́kọ: bó bá bà lé ẹ̀kọ láfún tí mo fi ìyẹ́ adìẹ ya sára aṣọ kó tó gbẹ, ọnà bàjẹ́ nìyẹn. Ìdájí ni mo ń yà á, kí bíríkìlà tó dé.

Ti ògiri tó ń bó, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ kò jẹ́ kí omi inú amọ̀ ráyè jáde. A ha á kúrò, a fi amọ̀ rẹ́ ẹ padà. Ó ti gbẹ.

Aṣọ tí mo rẹ láró ni mo fi ṣe kọ́tìnì pálọ̀. Bó ṣe jáde nínú ìkòkò, bí ewé ló rí. Atẹ́gùn ló sọ ọ́ di àwọ̀ aró lójú mi. Inú mi dùn púpọ̀! Yàrá òkè nìkan ló kù. Ìbéèrè mi parí síbí.