Homi àti ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ lọ́jà Kòríà: báwo lẹ ṣe ń rà á?

Ìyá Ìbejì, Suwon
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ra homi, ọkọ́ kékeré àwọn ará ibí, àti ọ̀bẹ ìdáná kan tí alágbẹ̀dẹ rọ. Ọjọ́ wo ni wọ́n ń ná ọjà Moran ní Seongnam? Báwo ni mo ṣe máa mọ ojúlówó?

Ará Seongnam
Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Ọjọ́ tó bá parí sí 4 tàbí 9 ni: 4, 9, 14, 19, 24, 29. Ti ọjà Jeongseon jẹ́ 2 àti 7. Ẹ má fi ìṣirò ọrún tiwa kà á o. Àwa máa ń ka ọjọ́ ọjà mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí ọjà ọrún fi ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Tiwọn, ọjọ́ márùn-ún gbáko ni. Òpin oṣù ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Bí oṣù bá ní ọjọ́ 31, láti 29 sí 4 di ọjọ́ mẹ́fà. Ní Fẹ́búárì tí kò ní 29, ọjọ́ mẹ́jọ lẹ máa dúró.

Bàbá Oko, Gimpo
Kì í ṣe gbogbo homi tó wà lórí àtẹ ni wọ́n rọ ní Kòríà. Ti Ṣáínà pọ̀ níbẹ̀. Ẹ gbé e sókè, kí ẹ wo ọrùn rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi owú lù láti ara irin kan ṣoṣo, ọrùn rẹ̀ á máa tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ títí wọnú èèkù, ẹ ò sì ní rí ojú wẹ́ẹ̀dì kankan. Èyí tí wọ́n gé lára páànù tí wọ́n wá jó mọ́ ọ̀pá, ojú jíjó yẹn ló máa ń kán bó bá ti kọ lu òkúta. Ẹ fọwọ́ ra á wò pẹ̀lú: àárín á nípọn, etí á fẹ́lẹ́, ojú owú á sì rí gbágungbàgun.

Sípíríǹgì ọkọ̀ tó ti gbó ni Seok Noh-gi, alágbẹ̀dẹ Yeongju, ń lò, bí àwọn alágbẹ̀dẹ ilé wa náà ṣe ń fi í rọ àdá. Kábọ́ọ̀nù inú irin yẹn ló ń jẹ́ kó le bí wọ́n bá yọ ọ́ nínú iná tí wọ́n rì í bọ omi. Páànù lásán kò lè le, bó ti wù kí wọ́n rì í tó.

Ẹ yẹ ìdí èèkù wò. Wọ́n máa ń mú ìrù irin náà pọ́n nínú iná, wọ́n á gún un wọnú igi, igi á jó mọ́ ọn lára. Bó bá yọ lódì kejì, wọ́n á tẹ orí rẹ̀. Èyí tí wọn ò tẹ̀, bí igi bá gbẹ tán, á máa mì.

Ojú homi kọ sí apá kan. Ọlọ́wọ́ òsì ní tirẹ̀, ẹ sọ pé *oensonjabi*. Ti Jeju sì tẹ́ẹ́rẹ́ nítorí pé òkúta pọ̀ nínú ilẹ̀ wọn.

Àbúrò Eunpyeong
Ní ti ọ̀bẹ, Bulgwang Daejanggan, ilé alágbẹ̀dẹ kan, wà ládùúgbò wa ní Seoul níbí. Ọ̀bẹ irin dúdú máa ń dógùn-ún, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú omi. Bí ẹ bá gé tòmátò tán, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fi òróró díẹ̀ pa á. Àwọ̀ bí eérú tó máa mú kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ má ha á kúrò, ó ń dáàbò bo irin náà.

Bó bá kú, òkúta ìpọ́nbẹ 1000 (nọ́ńbà bó ṣe kúnná tó) ni kí ẹ fi pọ́n ọn, pẹ̀lú omi. Ẹ má gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń yí kíákíá. Bí ẹnu rẹ̀ bá gbóná débi tó di aró, líle ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ tilẹ̀ pọ́n ọn láàárọ̀, á tún ti kú kó tó dalẹ́.

Ìyá Ìbejì, Suwon
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé mo lè fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sílé?

Ará Seongnam
Inú báàgì tí wọ́n ń wọ̀n ni o, àti ọ̀bẹ àti homi. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín bó bá wà nínú èyí tí ẹ fẹ́ gbé wọkọ̀. Ẹ fi òróró pa á, ẹ fi páálí ká ẹnu rẹ̀, kí ẹ fi téèpù dì í. Lára páálí ni kí téèpù lẹ̀, kó má kan irin.