Bíbí sílé lọ́wọ́ agbẹ̀bí: kí ló yẹ kí a ti ṣètò sílẹ̀?

Olùbéèrè, Manchester:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Lísàbí. Oyún kejì mi ti wọ oṣù keje. Ilé ìwòsàn ni mo bí àkọ́bí mi sí, kò sì sí wàhálà kankan. Agbẹ̀bí tó ń tọ́jú mi sọ pé bí mo bá fẹ́, mo lè bí èyí sílé, kí àwọn sì wá bá mi níbẹ̀. Ó dùn mọ́ èmi àti bàbá ọmọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Mọ̀mí ti gbọ́ ọ ní Adátán ni wọn kò ti sùn dáadáa mọ́. Wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa kí n tó bí. Ẹ jọ̀wọ́, ètò wo ni a lè ṣe tí ọkàn gbogbo wa yóò fi balẹ̀?

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta:

Ọmọ mi, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó sì gbọ́ ti ọmọ. Mo ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí ní Abẹ́òkúta níbí, mo sì tún ṣe é ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì kí n tó padà wálé, nítorí náà ohun tó ń ba Mọ̀mí lẹ́rù yé mi.

Lóru ọjọ́ kan, nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n wá pè mí sí obìnrin kan tó bímọ sílé lẹ́yìn Láfẹ́ńwá. Ọmọ ń ké, ibi ọmọ ti jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Mo fi ọwọ́ ra ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ títí ilé ọmọ fi le, mo sì ní kí a máa gbé e lọ. Ọkọ̀ wà, epo wà nínú rẹ̀. Géètì àdúgbò ni wọ́n ti tì, ọlọ́dẹ sì ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Òkúta ni bàbá ọmọ fi fọ́ àgádágodo yẹn. Obìnrin náà yè, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá wọ ilé aboyún, ọ̀nà àbájáde ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Géètì kọ́ ni yóò dà yín láàmú ní Manchester. Ṣé nọ́ńbà ilé yín ṣeé rí lóru? Bó bá jẹ́ òkè ni ẹ ń gbé, ṣé ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn lè yí ní kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn? Ẹ kọ àdírẹ́sì àti postcode sí ìwé gàdàgbà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, nítorí Mọ̀mí lè jẹ́ ẹni tí yóò pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ti ibẹ̀ yẹn, orí wọn kò sì ní gba postcode lọ́jọ́ yẹn.

Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2011, lórí obìnrin tó lé ní 64,000 tí oyún wọn kò ní ìṣòro, fi hàn pé nínú 100 tó fẹ́ bí àkọ́bí wọn sílé, nǹkan bí 45 ni wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn, tí ewu tó wà fún ọmọ sì fi díẹ̀ ju ti ilé ìwòsàn lọ. Ní ti àwọn tó ti bímọ rí, nǹkan bí 12 nínú 100 ni wọ́n gbé lọ, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ nínú ewu ọmọ. Púpọ̀ nínú wọn ni kò lọ nítorí pàjáwìrì. Ìrọbí ló kàn ń falẹ̀. Nítorí náà, di báàgì ilé ìwòsàn rẹ bí ẹni tó mọ̀ pé òun ń lọ, bí agbẹ̀bí bá sì ní ó yá, má ṣe bá a jiyàn. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ bá ru, bí ọmọ bá fi ìdí sísàlẹ̀, bí ìrọbí bá dé kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dà púpọ̀ lára rẹ nígbà àkọ́bí, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ.

Agbẹ̀bí méjì ni yóò wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ bá fẹ́ jáde. Wọn yóò gbé abẹ́rẹ́ oxytocin tó ń mú kí ilé ọmọ le kí ẹ̀jẹ̀ lè dá wá, àti ohun èlò tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọmọ tí kò bá mí. Ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ nù ún gbẹ, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, èyí tí kò ṣeé ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń rì. Ẹ ní tábìlì tó le, táwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ bíi mẹ́rin, àti tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá tó 500 mílílítà lẹ́yìn ìbímọ ti kúrò ní ohun tí à ń wò níran. Kí Mọ̀mí lè mọ̀ ọ́n, ẹ̀kún ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan nìyẹn. Bí ẹ bá sì fẹ́ ri ibi ọmọ mọ́lẹ̀ bí ti ilé wa, kí bàbá ọmọ má ṣe kánjú: agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ó wò ó bóyá ó pé, torí pé ègé kékeré tó bá ṣẹ́kù sínú lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Ará wa kan, London:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ìyá àgbà tèmi bí mẹ́jọ sílé láìrí nọ́ọ̀sì. Bí ènìyàn bá wá bímọ sí Abẹ́òkúta ńkọ́, ṣé kò lè gba agbẹ̀bí sílé bákan náà?

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta:

Ẹ̀gbọ́n ìyá tèmi kú sórí ìkúnlẹ̀ ọmọ kẹfà; márùn-ún àkọ́kọ́ kò yọ ọ́ lẹ́nu rárá. Èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ níbí. Inú òtútù tó wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni oxytocin gbọ́dọ̀ máa wà, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe ń ṣe. Nọ́ńbà pàjáwìrì 112 wà, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọkọ̀ yóò dé kí ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìjàyè, tàbí Sacred Heart ní Láńtòrò, kí ẹ sì sùn sí tòsí rẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́lé.

Olùbéèrè, Manchester:

Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. A ti lẹ ìwé náà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Mọ̀mí. Wọ́n ní lẹ́tà rẹ̀ kéré, kí n tún un kọ, pé bí NEPA bá mú iná lọ lóru ọjọ́ yẹn ńkọ́?