Ìgbà wo gan-an ni kí ọwọ́ òsì jọ̀wọ́ okùn?

Adé_Leicester:
Ẹ̀yin àgbà apẹja, mo kí yín o. Adágún omi Rutland Water ní England ni mo ti ń fi ìdẹ oníyẹ̀ẹ́ pa ẹja trout, okùn nọ́ńbà 7 (nọ́ńbà yìí ni a fi ń mọ bí okùn ṣe wúwo tó) tí iwájú rẹ̀ wúwo, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì tín-ín-rín, ni mo sì ń lò. Bí mo bá ti fẹ́ kí okùn tó kù lọ́wọ́ òsì mi sáré jáde kí ìdẹ lè lọ jìnnà, gbogbo rẹ̀ a dẹ̀, a sì já wọ̀ọ̀ nítòsí mi. Ṣé kí n tètè máa jọ̀wọ́ rẹ̀ ni, àbí kí n dúró díẹ̀ sí i?

Bàbá Odò:
Ó jọ pé ẹ ti ń yá jù tẹ́lẹ̀ ni. Ìdẹ wa kò wúwo rárá. Ìwúwo okùn ni ó ń tẹ ọ̀pá kọ, agbára tí ọ̀pá sì kó jọ bẹ́ẹ̀ ni ó fi ń ta okùn síwájú. Bí ọwọ́ òsì bá tú okùn sílẹ̀ nígbà tí ọ̀pá ṣì ń lọ, kò sí ohun tí ọ̀pá ń fà mọ́, lúùpù, ìyẹn ibi tí okùn ti ṣẹ́po lófuurufú, a sì fẹ̀, a dẹ̀. Ẹ dì í mú títí ọ̀pá yóò fi dúró gbọn-in, tí ẹ ó sì rí i pé okùn ti ṣẹ́po kọjá ṣóńṣó ọ̀pá, kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró títí okùn fi nà tán gbọọrọ, agbára rẹ̀ ti tán nìyẹn, kò ní lè fa ohunkóhun jáde lọ́wọ́ yín.

Ìyá Ẹlẹ́ja:
Òótọ́ ni, àmọ́ n kò rò pé ọwọ́ òsì nìkan ni ká bá wí. Apá tí ó wúwo lára irú okùn yẹn sábà máa ń gùn tó mítà 9 sí 12. Bí ẹ bá jẹ́ kí èyí tó tín-ín-rín pọ̀ jù lẹ́yìn ṣóńṣó ọ̀pá, kò ní lè ti ìwúwo iwájú, bí ẹ tilẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ lásìkò. Ẹ má sì jù ú sílẹ̀ pátápátá: ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ṣe òrùka tí okùn yóò máa gbà kọjá, kí ẹ lè dá a dúró kí ìdẹ tó balẹ̀.

Adé_Leicester:
Ẹ ṣeun, mà. Bí mo bá ń fi ọwọ́ òsì fa okùn wálẹ̀ bí ọ̀pá ṣe ń lọ síwájú ńkọ́?

Bàbá Odò:
Kí ìfà náà àti ìrìn ọ̀pá parí lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìtúsílẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Orí pápá koríko ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò, òwú pupa ni kí ẹ sì so sí ẹnu okùn dípò ìdẹ, kí ìwọ̀ má baà há sí yín létí.