Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fi fíìmù Manson kìlọ̀ fún àbúrò mi, ibòmíràn ló gbé e gbà

Ẹ kúulẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá dá mi mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ṣómólú ni mo ń gbé, àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 21 sì wà lọ́dọ̀ mi. Ó ti parí OND, ó ń wá ibi tó ti máa ṣe IT. Láti bí oṣù mélòó kan ló ti ń lọ sí felòṣíìpù kan nínú fúláàtì kan ní Yábàá. Kò ní pátákó níta o. Dádì ni gbogbo wọn ń pe olórí wọn, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ò lè ju èmi gan-an lọ. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gba fóònù wọn. Wọ́n ti fún un lórúkọ tuntun. Tí màmá wa bá pè é ní Àjàní lórí fóònù, kì í dáhùn mọ́. Ó ta láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀, ó ní ìrúgbìn ni.

Ó fẹ́ràn fíìmù ọ̀daràn, ni mo bá ní ká jọ wo èyí tí Netflix gbé jáde ní 2025 lórí Charles Manson, ará Amẹ́ríkà tó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, tó sì rán wọn lọ pààyàn ní 1969. Èrò mi ni pé á rí bí wọ́n ṣe ń fọgbọ́n kó ọmọ ọlọ́mọ. Àṣé CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, lòun máa gbé dání. Ó ní àwọn ló fi oògùn yí àwọn ọmọ yẹn lórí, Manson náà kàn jẹ́ ẹni tí wọ́n lò ni. Ó wá kọjú sí mi: "Sìsítá mi, ṣé ẹ rí i báyìí? Olórí kọ́ ló ń burú, àwọn ará ìta tó fẹ́ ba iṣẹ́ Ọlọ́run jẹ́ ni."

Ṣé òótọ́ tiẹ̀ ni ọ̀rọ̀ CIA yẹn? Kí ni kí n fi dá a lóhùn? Ọkọ mi ní kí n lé e jáde.

Ìyá Ìbejì Bàrígà: Má lé e o! Ọ̀dọ̀ Dádì náà ló máa sùn mọ́jú, ẹní ti wà nílẹ̀ dè é níbẹ̀.

Sọ Ọ́ Sókè: Gbé e lọ sórí òkè àdúrà, ọjọ́ mẹ́ta péré.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé sà. Àdúrà náà ló gbé e débi tó wà yìí.

Akọ̀wé Ẹ̀búté-Mẹ́ta: Arábìnrin, ìdajì ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi le. Ètò kan wà lóòótọ́ tó ń jẹ́ MKUltra. 1953 ni CIA bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń fún àwọn èèyàn ní LSD, oògùn tó ń da orí èèyàn rú, àwọn mìíràn ò sì mọ̀ rárá pé wọ́n ń fi àwọn dán nǹkan wò. Nígbà tó di 1973, ọ̀gá CIA, Richard Helms, ní kí wọ́n ba àwọn fáìlì rẹ̀ jẹ́. Ta ni ò ní fura? Dókítà kan tó bá wọn ṣiṣẹ́, Louis Jolyon West, wà ní San Francisco ní 1967, ní àdúgbò Haight-Ashbury, ọdún yẹn gan-an ni Manson jáde lẹ́wọ̀n tó sì forí lé ibẹ̀. Ibẹ̀ ló tán sí. Oníròyìn tó ti ń tọpa ọ̀rọ̀ yìí láti 1999, tó ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà, òun pàápàá ò rí ẹ̀rí kankan pé àwọn méjèèjì pàdé. Bi àbúrò rẹ bóyá ó gbọ́ ibẹ̀ yẹn.

Èmi ò kúkú gba ti agbẹjọ́rò ìjọba tó pe Manson lẹ́jọ́, Vincent Bugliosi, tán. Ó ní orin ẹgbẹ́ olórin Beatles kan ni Manson gbọ́ tó fi fẹ́ dá ogun sílẹ̀ láàárín dúdú àti funfun. Manson wàásù ẹ̀ fún wọn lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo ọjọ́ ibẹ̀: ní ìparí July 1969, Bobby Beausoleil, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Manson, pa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gary Hinman, wọ́n sì fi ẹ̀jẹ̀ kọ̀wé sára ògiri. August 6, ọlọ́pàá mú un. Kò ju ọjọ́ méjì lọ lẹ́yìn ìyẹn tí àwọn ọmọ Manson ya wọ ilé Sharon Tate, òṣèré fíìmù, oyún inú rẹ̀ ti lé lóṣù mẹ́jọ, wọ́n pa òun àti èèyàn mẹ́rin, wọ́n tún fi ẹ̀jẹ̀ kọ̀wé sára ilẹ̀kùn. Lóru ọjọ́ kejì, wọ́n pa tọkọtaya LaBianca. Kí ọlọ́pàá lè gbà pé ẹni tó pa Hinman ṣì wà níta, kí wọ́n sì fi Beausoleil sílẹ̀ ni, ohun tí mo gbà nìyẹn.

Bàbá Tóyọ̀sí: Akọ̀wé, tó bá hàn kedere báyẹn, kí ló dé tí ọlọ́pàá ò so ó pọ̀?

Akọ̀wé Ẹ̀búté-Mẹ́ta: Àwọn ọlọ́pàá Sheriff tó ń wádìí ikú Hinman lọ sọ fún ọlọ́pàá ìlú Los Angeles tó ń wádìí ti Tate, sà. Wọn ò kà á sí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ oògùn olóró ni.

Àǹtí Bísí: Ẹ fi àríyànjiyàn yẹn sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ń wá ẹni tó rán Manson, èmi àwọn tí Manson rán ni mò ń wò. Patricia Krenwinkel níṣẹ́ ọ́fíìsì tiẹ̀. Ó pàdé ọkùnrin yẹn ní 1967, ó fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀, kò dúró gba owó tó kù fún un, ó bá a lọ. Susan Atkins di Sadie. Ẹ rí i, orúkọ tuntun náà nìyẹn. Leslie Van Houten jẹ́ ọmọ ọdún 19 nígbà tí wọ́n pa àwọn LaBianca, ó ti di ẹni ọdún 73 kó tó jáde lẹ́wọ̀n ní 2023. Manson ò sì wọ ilé Tate rárá lóru yẹn o, àwọn ọmọ ló ní kí wọ́n lọ. CIA ni o, orin ni o, ti Beausoleil ni o, kò sí èyí tó dá wọn sí. Ohun tí mo máa bi àbúrò rẹ ni pé: ọjọ́ wo ni ẹnì kan sọ fún Dádì pé "rárá" lójú gbogbo yín, kí ni wọ́n sì ṣe fún ẹni náà? Má bá a jà. Bi í, kó o dákẹ́.

Ọmọ Ìkòròdú: Èmi ní ìkìlọ̀ kan. Má lọ pariwo ní Yábàá pé fúláàtì yẹn jẹ́ ti ẹgbẹ́ òkùnkùn. A rí ti àwọn apààyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo níhìn-ín ní 2016 sí 2017. Ọmọ ọlọ ni wọ́n fi ń fọ́ àwọn èèyàn lórí lójú oorun, ìdílé odindi. Ìtàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn: wọ́n ní áńkáṣíìfù ni wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀, olówó kan ló sì ń rà á. Ẹnikẹ́ni ò lè nàka sí olówó náà. Àmọ́ ẹ̀rù ti bà wá débi pé àlejò ò lè béèrè ọ̀nà. Ní 2017 àwọn èèyàn pa apanilẹ́rìn-ín kan àti àwọn tó bá a rìn, wọ́n ní Badoo ni wọ́n. Wọn kì í ṣe Badoo. Àbúrò rẹ wà nínú fúláàtì yẹn, táyà ò mọ ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wá.

Tádé Àkọkà: Àwa náà ṣe felòṣíìpù inú ilé nígbà tá a wà ní yunifásítì, ẹnikẹ́ni ò pa wá. Ṣé ó ṣì ń sùn nílé?

Olùbéèrè: Ó ń sùn nílé, àyàfi ọjọ́ Ẹtì.

Lọ́yà Ìgbòbì: Òfin Èkó ti 2021 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 de ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, ti ẹni tó bá fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn sì jẹ́ ọdún 15. Ṣùgbọ́n ìpàdé àdúrà kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn, orúkọ tuntun ò sì sọ ọ́ di ọ̀kan. Àgbà ni ọmọ ọdún 21, o ò lè tì í mọ́lé. Tí wọ́n bá dí i lọ́nà kó má lọ sílé, tàbí tí wọ́n fi irọ́ gba owó rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nìyẹn. Tọ́jú gbogbo ẹ̀rí owó tó fi ránṣẹ́.

Olùbéèrè: Àǹtí Bísí, mo bi í lálẹ́ àná, mo sì dákẹ́ bí ẹ ṣe wí. Ó kọ́kọ́ ní kò sẹ́ni tó ń sọ "rárá" fún Dádì. Nígbà tó yá ló ní ọmọbìnrin kan sọ ọ́ rí, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì wá mọ́. Ó ní òun ṣì ní nọ́ńbà rẹ̀. Ọkọ mi ti gbà kó dúró. Lọ́yà, owó láàpútọ́ọ̀pù yẹn, àkáǹtì Dádì fúnra rẹ̀ ló wọ̀. Mo ti fi rísíìtì ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀.

Lọ́yà Ìgbòbì: Mo ti rí i. Pè mí lẹ́yìn aago mẹ́rin.