Ìrànlọ́wọ́ láti òkè òkun lórí ìdọ̀tí ilé ìwòsàn l'Óṣogbo: kí la gbà, kí la kọ̀?

ỌmọÒkèFìà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹgbẹ́ wa níbí l'Óṣogbo fẹ́ ṣe ìpolongo fún ilé ìwòsàn aládàáni, kẹ́místì tó ń gún abẹ́rẹ́, lábù àti àwọn ìyá agbẹ̀bí, lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa palẹ̀ ìdọ̀tí ìtọ́jú aláìsàn mọ́. Àwọn ọmọ ìlú wa tó wà ní Jámánì àti ẹgbẹ́ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní àwọn máa ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n dárúkọ incinerator (ìléru tí wọ́n fi ń sun ìdọ̀tí) àlòkù kan, páálí oògùn mélòó kan, àti ìwé ìléwọ́ tí wọ́n máa tẹ̀. Kí ló yẹ ká gbà, kí ló yẹ ká kọ̀, ibo sì ni kí owó kọ́kọ́ lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwọ̀n àti iye sí i, torí ìdáhùn yín ni mo máa fi kọ lẹ́tà sí wọn.

Nọ́ọ̀sìÀyétòrò:
Ẹ kú àníyàn ìlú o. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìdí iná. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí abẹ́rẹ́ ti ń kúrò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 ìdọ̀tí ilé ìwòsàn kò yàtọ̀ sí ti inú ilé: bébà, páálí, èèpo ọsàn, ọ̀rá omi. Ìdá 15 yòókù ló léwu. Bí wọ́n bá da méjèèjì pọ̀ sójú kan, gbogbo rẹ̀ ti léwu nìyẹn, owó tí ì bá palẹ̀ ìdá 15 mọ́ kò sì ní ká a mọ́.

Ojú mẹ́ta ni kí wọ́n yà á sí. Garawa dúdú fún ìdọ̀tí lásán. Garawa yẹ́lò fún owú, báńdéèjì, ìbọ̀wọ́ àti ohunkóhun tí ẹ̀jẹ̀ bá kàn. Àpótí tí nǹkan kò lè gún yọ fún abẹ́rẹ́, bíléèdì àti ìgò oògùn tó fọ́. Ọwọ́ ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ tó àpótí yìí láìṣípò. Bó bá jìnnà, ó máa gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀, tàbí kó fi ọwọ́ méjèèjì dé e padà, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń gún èèyàn. Kó má yọ abẹ́rẹ́ lára síríǹjì. Tòun ti síríǹjì ni kó jù ú sínú rẹ̀.

Àpótí onílítà 5 ń gba nǹkan bí síríǹjì 100. Tó bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí wọ́n tì í pa. Àwọn kan máa ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè gbà sí i, àwọn mìíràn a dà á nù kí wọ́n tún un lò torí owó. Méjèèjì burú. Bí àpótí bá wọ́n, kẹ́ẹ̀gì jíìkì tó nípọn tó sì ní ìdérí dára. Ike omi lásán kò dára, abẹ́rẹ́ máa gún un yọ.

Ní ti jíìkì, èyí tó bá jẹ́ 3.5% ni kí wọ́n bù ife kan sí ife omi mẹ́fà kó lè di 0.5% tí a fi ń nu ibi tí ẹ̀jẹ̀ dà sí. Lójoojúmọ́ ni kí wọ́n po tuntun, torí oòrùn àti ooru ń sọ ọ́ di omi lásán.

Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá gún, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibi tó gún, kó má fún un, kó má da jíìkì sí i, kó sì dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Ewu HIV jẹ́ nǹkan bí 3 nínú 1,000. Ti hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀, lè tó 30 nínú 100 fún ẹni tí kò gba àjẹsára. Ìdí nìyí tí mo fi máa ní kí ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ará Jámánì máa sanwó rẹ̀ jẹ́ àjẹsára hepatitis B, ẹ̀ẹ̀mẹta láàrin oṣù mẹ́fà, fún àwọn tó ń gbálẹ̀ àti àwọn tó ń kó ìdọ̀tí. Wọ́n máa ń rántí nọ́ọ̀sì, wọ́n á gbàgbé àwọn wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ wọn ni ìdọ̀tí náà ń gbà kọjá.

ẸnjiníàÌgbọ̀nà:
Nọ́ọ̀sì ti sọ ojú abẹ níkòó. Lórí incinerator àlòkù yẹn, èrò tèmi ni pé kí ẹ kọ̀ ọ́. Ìléru tó péye gbọ́dọ̀ ní yàrá iná méjì, kí ìkejì gbóná tó 850°C ó kéré tán, kí èéfín sì dúró nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 2. Bíríkì inú rẹ̀ a máa sán bí wọ́n bá tú u tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá, ó sì ń mu dísù púpọ̀. Bí dísù bá wọ́n, wọ́n á máa dá a dúró kó tó gbóná tó. Nígbà náà ni àwọn ike bíi PVC á máa tú dioxin àti furan jáde. Àwọn májèlé méjèèjì yìí wà lára ohun tí Àdéhùn Stockholm ti ọdún 2001 ní kí gbogbo ayé dín kù. Wọ́n ń bà sórí koríko tí ewúrẹ́ ń jẹ, wọ́n sì ń wọ inú wàrà àti ẹyin.

Sísun nínú dúrọ́ọ̀mù tàbí ihò burú ju ìyẹn lọ. Ike á jó, irin abẹ́rẹ́ ò ní yọ́, ṣóńṣó rẹ̀ á wà nínú eérú. Òjò á wá gbá a lọ sínú gọ́tà, láti gọ́tà dé odò Ọ̀ṣun, tí àwọn èèyàn ń bu omi rẹ̀ mu ní oṣù kẹjọ.

Autoclave ni kí ẹ béèrè, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pa kòkòrò àrùn inú ìdọ̀tí láìsun ún. Ooru omi ló ń lò, 121°C, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán lẹ́yìn tó bá ti gbóná dé ibẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí wọ́n di ọ̀rá pa pinpin kí wọ́n sì tò ó há ara wọn. Ooru kò ní dé àárín. Téèpù tó ń yí àwọ̀ padà kò tó ẹ̀rí, ìta nìkan ló ń sọ. Kòkòrò ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Geobacillus stearothermophilus ni kí wọ́n máa fi sáàárín ẹrù láti mọ̀ bóyá ó kú. Bí iná bá lọ láàrin iṣẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n tún un ṣe. Oògùn, kẹ́míkà àti ẹ̀yà ara kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ohunkóhun tí jíìkì rin.

Ẹ̀rọ kan tí ilé ìwòsàn mẹ́wàá jọ ń lò sàn ju kéékèèké mẹ́wàá tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, pẹ̀lú owó GEF, àpò owó àgbáyé fún àyíká, ti gbé autoclave lọ sí Ghana, Madagascar, Tanzania àti Zambia dípò sísun. Ghana kò jìnnà sí wa. Ẹ ní kí wọ́n san owó ọkọ̀ ẹni méjì láti Òṣogbo lọ kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀. Mo gbà pé ìyẹn níye lórí ju ìléru lọ.

ÌyáAgbẹ̀bí:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ibi ọmọ mọ́ ìdọ̀tí nínú ìwé yín. Bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀, ìyá ọmọ àti ìyá ọkọ kò ní gbọ́ ìyókù. Ìdílé tó bá fẹ́ gbé e lọ sin, ẹ fi sínú ike tí kò jò, ẹ fún wọn ní ìbọ̀wọ́, kí wọ́n sin ín jinlẹ̀ síbi tó jìnnà sí kànga, láìsí ọ̀rá. Èyí tí wọn kò bá gbé lọ, ihò oníkọnkéré tó ní ìdérí ni ibùgbé rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ihò náà gbọ́dọ̀ fi mítà 1.5 ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ìgbà òjò ni kí ẹ wọn omi kànga, kì í ṣe ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

AmòfinAlékùwódò:
Páálí oògùn: ẹ béèrè ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa bàjẹ́. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kó ku ọdún kan ó kéré tán nígbà tó bá dé ọwọ́ yín. Èyí tó bá kéré sí i, ìdọ̀tí ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ẹ rántí ìlú Koko, tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí, ní 1988, nígbà tí wọ́n kó májèlé láti Ítálì wá jù síbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe Àdéhùn Basel lórí kíkó ìdọ̀tí eléwu kọjá ẹnubodè, ìdọ̀tí ilé ìwòsàn ló sì kọ́kọ́ wà lórí àkójọ rẹ̀, lábẹ́ àmì Y1. Oògùn tó ti di ìdọ̀tí ni Y3. Tẹmómítà oní-mẹ́kúrì náà, ẹ kọ̀ ọ́; Àdéhùn Minamata, ti àgbáyé lórí mẹ́kúrì, ti fòpin sí títà á kọjá ẹnubodè láti 2020.

Ohun kan tún wà. Ẹni tó bá fi síríǹjì 10,000 ránṣẹ́, ẹ ní kó fi àpótí abẹ́rẹ́ 100 tẹ̀ lé e, ó kéré tán. Nígbà Kòrónà, àjẹsára bílíọ̀nù mẹ́jọ tí wọ́n gún káàkiri ayé fi tọ́ọ̀nù 144,000 kún ìdọ̀tí, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe kọ ọ́ ní 2022.

ỌmọÒkèFìà:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìwé ìléwọ́ ńkọ́? Àti pé báwo la ṣe máa mọ bí autoclave náà ṣe máa tóbi tó?

Nọ́ọ̀sìÀyétòrò:
Owó ìwé ìléwọ́, ẹ fi ra ọ̀dà. Ẹ ya àwòrán garawa kọ̀ọ̀kan sí ara ògiri lókè rẹ̀ gan-an, kí ẹ sì fi Yorùbá kọ ohun tó ń wọ inú rẹ̀, torí ẹni tó ń gbálẹ̀ ló yẹ kó kà á. Ní ti ẹ̀rọ, ẹ fi òṣùwọ̀n ìkọ́ wọn garawa yẹ́lò àti àpótí abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ méje, láàárọ̀. Ẹ kọ iye kílò àti iye aláìsàn ọjọ́ náà sílẹ̀. Ìwé ọjọ́ méje yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí Jámánì kí wọ́n tó ra ohunkóhun.