Lẹ́yìn Àjíǹde, kí la lè máa kà nílé títí di Pẹ́ńtíkọ́sì?

Òkun o, ẹ̀yin ará. Kábbà ni mò ń gbé. Ìjọ ECWA ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Mọ́pà, a kì í fi eérú síwájú orí níbẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì, ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde. Kátólíìkì ni ọkọ mi. Nígbà Lẹ́ńtì, a máa ń ka Bíbélì pa pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ká tó ṣínu. Ìyá ọkọ mi á tẹ́ ẹní, àwọn ọmọ á yí i ká, ojú wọn á wà lára àkàrà. Ó wá dùn mọ́ èmi náà gan-an.

Àmọ́ bí a bá ti jẹ ìrẹsì Àjíǹde tán, ó parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó wà láàárín Àjíǹde sí Pẹ́ńtíkọ́sì pọ̀ ju ogójì ọjọ́ ààwẹ̀ lọ!

A gbìyànjú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì láti orí 1. Nígbà tá a dé ọ̀rọ̀ gígùn Stéfánù ní orí 7, oorun ti gbé àwọn ọmọ lọ. Katikísì, olùkọ́ ẹ̀sìn ní ìjọ ọkọ mi, ní ká máa gba Rósárì, àdúrà Kátólíìkì tí wọ́n ń fi ìlẹ̀kẹ̀ kà. Ọkọ mi fẹ́ ẹ, ọkàn tèmi ò gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣe é nílé yín: àwọn ẹsẹ kúkúrú wo lẹ ń kà láti Àjíǹde dé Ìgòkè-re-ọ̀run, tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè tẹ́tí sí? Ní ọjọ́ mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn fi dúró de Ẹ̀mí Mímọ́ títí di Pẹ́ńtíkọ́sì ńkọ́, ṣé a lè gbààwẹ̀, àbí àkókò ayọ̀ ò gba ààwẹ̀?