Àwọn Hutterite: báwo ni wọ́n ṣe ń pín abúlé sí méjì láìjà?

Ará Kúbwà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí fẹ́ ra ilẹ̀ ní Kwali, kí ìdílé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ máa gbé ibẹ̀, kí wọ́n jọ máa dáko. Àwọn Hutterite ni wọ́n fẹ́ wò ṣe, àwọn Kristẹni tó ń gbé pọ̀ lábúlé ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, tí ohun ìní jẹ́ ti gbogbo wọn. Ta ló ń di owó mú níbẹ̀? Kí ni ẹni tó bá kúrò ń gbà? Tí èrò bá pọ̀ jù ńkọ́?

Bàbá Lárá, Gwarinpa: Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló le jù. Abúlé wọn kì í sábà ju 150 ènìyàn lọ. Oúnjẹ lè tó, ipò ni kì í tó: ẹnì kan ni olórí oko, ẹnì kan ló ń mójú tó màlúù, ẹnì kan ẹlẹ́dẹ̀. Tí ọ̀dọ́kùnrin bá pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, ìdílé kọ̀ọ̀kan á máa fẹ́ kí ọmọ tiwọn débẹ̀, ìyapa dé nìyẹn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọdún kí abúlé tó pín sí méjì ni wọ́n ti ń tọ́jú owó. Wọ́n á ra ilẹ̀, wọ́n á kọ́lé sí i, kí wọ́n tó kó lọ. Wọ́n á wá kọ orúkọ àwọn ìdílé sí ìwé méjì, oníwàásù kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Lehrerleut, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka Hutterite, tilé-toko ló ń di ẹrù, títí kan àwọn tí kò ní lọ. Kèké ni wọ́n fi ń mọ apá tó máa kó. Ọgbọ́n ńlá ni. Ẹni tó ń pín kò mọ èyí tó máa kan òun, kò sì ní lè kó irinṣẹ́ gidi sí apá kan.

Ìyá Ìbejì, Kàdúná: Ẹ ṣeun, Bàbá Lárá. Ní ti owó, Haushalter ni akápò wọn: òun ló ń rà, òun ló ń tà, ó sì ń jíhìn fún àwọn ọkùnrin tó ti ṣèrìbọmi. Obìnrin kì í dìbò. Ìyẹn kò bá wa mu rárá. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ nínú ilé gígùn, ṣùgbọ́n ilé ìdáná kan ṣoṣo ni, láàárín abúlé. Láti Bon Homme tí wọ́n tẹ̀ dó létí odò Missouri ní 1874 ni wọ́n ti mú ìgbé ayé àjọni yìí wọ Amẹ́ríkà.

Alágbàwí, Wuse: Ẹni tó bá kúrò kì í gba ìpín kankan. Àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Interlake Colony, abúlé Hutterite kan ní Manitoba, pẹjọ́ pé kí wọ́n pín ohun ìní. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Kánádà kò dá wọn láre ní 1970. Ìgbàgbọ́ ló so wọ́n pọ̀, bíi ti Ayétòrò ní Ìlàjẹ. Alájẹṣẹ́kù yàtọ̀, owó ẹni tó bá jáde gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá kó gbogbo owó ìfipamọ́ sínú ilẹ̀, ìdílé méjì péré tó bá jáde lè mú kí ẹ ta oko. Ẹ ya owó ilẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ iye ọdún tí ẹ ó fi dá a padà.

Ẹ má gbàgbé aládùúgbò o. Ní Alberta ní Kánádà, òfin 1942 kọ̀ kí àwọn Hutterite ra ilẹ̀. Ti 1947 ní kí abúlé tuntun fi máìlì 40 jìnnà sí ti àtijọ́, kó má sì ju éékà 6,400 lọ. 1973 ni wọ́n tó pa á rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà Gbagyi tó ni àyíká náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.